Ẹ Bi Wá: Àjẹ́ Inú Ìtàn, Èló Ni Agbára Rẹ̀?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ẹnì kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi wá nípa rẹ̀: obìnrin olóògùn tó ń da ìlú rú nínú ìtàn àròsọ onídán. Àwọn kan ń kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn kan fẹ́ gbé e sórí ìtàgé. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gbà wá.

*

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn kan ni mò ń kọ, ayé tí kò sí níbì kankan ni mo gbé e kalẹ̀ sí. Ayaba olóògùn tó wà níbẹ̀ lè dá òjò dúró, ó lè sọ èèyàn di òkúta, ó lè fò, kò sì sí odi tí ojú rẹ̀ kì í là kọjá. Mo fún àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta kà. Wọ́n ní obìnrin náà ò bà wọ́n lẹ́rù rárá. Níbo ni mo ti ṣì í?
Òǹkọ̀wé tuntun, Kubwa

Ibi tí ẹ ti ṣì í ni pé ẹ lawọ́ sí i jù. Ẹni tó lè ṣe ohun gbogbo, ó yẹ kó ti borí lójú ewé kejì. Bí kò bá tíì borí, òǹkàwé mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ dì í lọ́wọ́ mú kí ìwé lè gùn.

Ẹ wo ìtàn Daura, tí ẹni tó bá ti pẹ́ lókè ọya á ti gbọ́. Ejò kan ń gbé inú kànga Kusugu, Sarki lorúkọ rẹ̀. Ejò yìí kò mu omi kànga gbẹ, kò sì lé ará ìlú lọ. Ó kàn ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa pọnmi. Ọjọ́ kan nínú méje. Ẹ rò ó wò: ìyàwó ilé kan bojú wo ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó rí i pé omi ti wálẹ̀ dé ìdajì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fìka ka ọjọ́ mẹ́rin tó kù. Ẹ ò rí ejò kankan níbẹ̀, ẹ̀rù sì ti wọlé. Iye tó wà nínú ìkà náà ló ṣe é.

Nítorí náà, ẹ mú agbára kan ṣoṣo fún un, tó bá pọ̀ jù, kó jẹ́ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ojú ewé mìíràn: ohun tó lè ṣe gan-an, ohun tó ń san nígbàkúùgbà tó bá ṣe é, àti iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ sinmi kó tó tún un ṣe. Ká fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Ká ní Amukànga lorúkọ ayaba yín. Igbá kan ló fi ń mumi. Tó bá bu igbá náà kún láti inú kànga kan, tó mu ún tán láì mí, kànga ọ̀hún á gbẹ fún ọdún mẹ́ta. Owó tó ń san ni pé ohùn ẹnì kan tó mọ̀ yóò kú sí i létí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnu onítọ̀hún ni yóò máa rí tó ń mì, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kì í sì í ṣe òun ló ń yan ohùn tó máa lọ. Lẹ́yìn kànga kan, ó di ọjọ́ kẹsàn-án kó tó lè mu òmíràn.

Ká ní kànga mẹ́rìndínlógún ló wà nílẹ̀ náà. Láti ìkíní dé ìkẹrìndínlógún, ìsinmi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín, ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ọjọ́ 135 nìyẹn. Ẹ ti ní gígùn ìtàn yín láì ronú jìnnà: ẹni tó fẹ́ dá a dúró ní oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀, ó sì lè jókòó kó ṣírò kànga tó kàn. Àwọn ará abúlé náà lè ṣírò. Ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ìlú tí kànga rẹ̀ ṣì lómi kò ní sùn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èyí máa ń gbà bàjẹ́. Àkọ́kọ́, òǹkọ̀wé á gbàgbé ìṣirò ara rẹ̀. Ní orí kejìlá obìnrin náà á mu kànga méjì lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé ìtàn ń kánjú. Ẹ ya ìwé àkọsílẹ̀ kan sọ́tọ̀, kí ẹ fa ìlà mẹ́ta sí i: ojú ewé, ohun tó ṣe, ohun tó san. Èkejì, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń ní kó bá a san án: ẹrú kú, ẹran ọ̀sìn kú, kò sì kàn án. Ìyẹn kì í ṣe owó rárá, inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀kẹta, owó náà kéré jù. Orí á fọ́ ọ, ojú á sì pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, Panadol ń wo orí fífọ́.

*

Ẹ kú làákàyè o. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí. Wọ́n ní kí n kọ ọfọ̀ fún àjẹ́ inú eré wa, mo sì kọ ọ́, ṣùgbọ́n bíi àdúrà ló ń dún. Ṣé kí n lọ gba ojúlówó lọ́wọ́ babaláwo ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Zaria

Ẹ má gbà á. Ohun tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹ gbé fún ọmọ ogún ọdún láti máa pariwo lórí ìtàgé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ìlà kan bá jẹ́ èyí tí àwọn àgbà tó jókòó mọ̀, wọ́n á bá a parí rẹ̀, ẹ̀rù á sì di ẹ̀rín.

Ọfọ̀ ní egungun, egungun náà ni àdúrà yín ò ní. Ẹni tó ń gbàdúrà ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń pọfọ̀ ń rántí ohun tí ayé ti gbà tẹ́lẹ̀, ó wá fi ìyẹn dè yín. Ó máa ń kọ́kọ́ sọ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn, “kì í” ló sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà á padà sí orúkọ nǹkan tó dá, á fa ọ̀rọ̀ ìṣe kan yọ láti inú ìró orúkọ náà, á fi pàṣẹ. Èyí ni a hun fún Amukànga òkè yẹn, ẹ wò ó:

Ìràwé kì í já tán kó padà sórí igi.
Ọyẹ́ kì í fẹ́ kí ètè má sán.
Àgbàrá kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ìràwé ló ní kí ọkàn yín rà.
Ọyẹ́ ló ní kí àdéhùn yín yẹ̀.
Àgbàrá ló ní kí n gba ilé, kí n gba ilẹ̀.

Rà wà nínú ìràwé. Yẹ̀ wà nínú ọyẹ́; ohùn orí wọn ò dọ́gba, ọfọ̀ sì gba bẹ́ẹ̀, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì ni etí ń wá. Gbà wà nínú àgbàrá. Ẹ tún kíyè sí i pé àwọn ìlà “kì í” mẹ́ta ló ṣáájú, àwọn ìlà àṣẹ sì tẹ̀ lé e ní ìtò kan náà. Tí òǹwòran bá ti gbọ́ ìràwé lẹ́ẹ̀kejì, ó ti mọ̀ pé ọyẹ́ àti àgbàrá ń bọ̀, kò sì mọ ohun tí wọ́n máa pa láṣẹ. Ẹ má tú ìtò yẹn ká nítorí ẹwà.

Bí ẹ ṣe máa hun tiyín: ẹ kọ ogún nǹkan tó wà ní àyíká tí obìnrin náà ń gbé, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ ìṣe tó fara pamọ́ sínú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ò ní bímọ kankan, ẹ fagi lé wọn. Tí mẹ́fà bá ṣẹ́ kù nínú ogún, ẹ ti ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ èyí tí ìbínú ò sí nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó; kí ẹni tó máa pè é fi èémí kan ṣoṣo pe ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá ní kó mí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gé e.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé obìnrin tó ń gbé inú aṣálẹ̀ máa ń ké sí òkun àti ọ̀sà. Níbo ló ti rí òkun? Ọyẹ́, yanrìn, kànga, ràkúnmí, ẹ̀gún, ìyẹn ni kó máa pè. Èkejì ni dída gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Èpè kúrú, ó sì lọ tààrà sí ẹni tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lé. Àyájọ́ máa ń ní ìtàn nínú: ohun tó ṣẹlẹ̀ níjọ́ kìíní, ẹni tó ṣe é, bó ṣe rí, kó wá rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ògèdè le ju ọfọ̀ lásán lọ, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í títí eré yóò fi parí.

Ohun kan tó dùn láti lò: bí agbára rẹ̀ bá ń dín kù, kí ìlà ọfọ̀ rẹ̀ máa dín kù. Mẹ́fà ní ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́rin ní àárín, méjì. Nígbà tó bá ku ìlà kan, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á ti mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

*

Àwa ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Karu ń múra eré. Owó ọwọ́ wa ò tó nǹkan. Aṣọ, ojú, ọwọ́, iná: kí ni ká rà, kí ni ká fi sílẹ̀? A tún fẹ́ kí èéfín yọ nígbà tí àjẹ́ bá wọlé.
Ẹgbẹ́ eré, Karu

Aṣọ dúdú ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń sáré lọ rà ní ọjà Wuse. Ẹ má rà á. Dúdú lásán á gbé gbogbo ìṣẹ́po aṣọ mì lábẹ́ iná. Láti ìlà kẹta, ojú tó léfòó nínú ihò ni wọ́n máa rí. Aṣọ aró Kano ló yẹ ẹ́. Ní Kofar Mata, níbi tí wọ́n ní àwọn kòtò aró ti wà láti 1498, wọ́n máa ń rẹ aṣọ léraléra títí yóò fi dúdú pẹ̀lú àwọ̀ búlúù nísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá tún ká tí wọ́n fi igi lù dáadáa á máa dán bí ẹ̀yìn ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn. Tó bá yí èjìká díẹ̀, aṣọ náà á bù yẹ̀rì. Yáàdì márùn-ún tó fún ìró àti ìborùn, méjì fún ìwérí.

Lílù ló mú un dán, nítorí náà omi ni ọ̀tá rẹ̀: ẹ má fọ̀ ọ́ kí eré tó kọjá, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Aró tuntun á sì máa yọ sí ara. Àwọn Buzu, ìyẹn Tuareg, tó ń wé irú rẹ̀ kò kà á sí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yín lè má fẹ́ kí ọrùn òun di búlúù títí di ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú alápá gígùn sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rán aṣọ dúdú mọ́ ibi tó máa kan ọrùn. Bí ìborùn yóò bá wọ́ nílẹ̀, kó má ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn gìgísẹ̀, kí ẹ sì rán okùn róbótó kan sí etí rẹ̀ tó máa fi ìka kọ́ nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Ibi àtẹ̀gùn ni àjẹ́ ti máa ń ṣubú.

Fún ọwọ́, làálì. Ẹ wá ìyá kan tó ń lé e fún ìyàwó Hausa, ọ̀nà rẹ̀ á ju tiyín lọ. Ọjọ́ méjì ṣáájú eré ni kó lé e. Kó wà lára fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á kúrò, kí ó má kan omi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ha á, àwọ̀ ọsàn ni yóò ní, ẹ ó sì rò pé kò mú. Á máa ṣú sí i títí di wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Ibi àtẹ́lẹwọ́ àti orí ìka ló ti ń hàn jù lára àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí náà kó máa ṣí àtẹ́lẹwọ́ nígbà tó bá ń pọfọ̀. Ẹ má gba èyí tí wọ́n po mọ́ oògùn irun dúdú kó lè ṣú kíákíá. Ó máa ń wú bí ìléròrò, àpá rẹ̀ sì lè má lọ mọ́.

Ojú: ẹ má lo tìróò, pàápàá fún ọmọdé. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, òjé sì jẹ́ májèlé. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin òrí, ṣíbí kan ìda oyin, àti ṣíbí kan èédú tí ẹ lọ̀ kúnná tí ẹ sì fi aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ jọ̀. Ẹ gbé abọ́ ìda sínú omi gbígbóná kó yọ́ ná, torí ìda le yọ́ ju òrí lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ da òrí sí i, èédú ló kẹ́yìn. Òrí nìkan ò dára: ní oṣù Kẹta, ooru gbọ̀ngán á yọ́ ọ, dúdú á sì máa ṣàn wọ ojú rẹ̀ bí ẹkún. Ìda ló ń dì í mú. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, á le bí ọṣẹ. Kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kó tó dé ojú.

Iná ni kí ẹ fi owó tó kù ṣe. Ẹ mú igbá ńlá kan, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ kó kọjú sókè, kí ẹ fi ọ̀rá wé tọ́ọ̀ṣì náà kó má mu omi. Ẹ gbé abọ́ gíláàsì lé e lórí, ẹ bu omi ife méjì sí i. Tí ó bá tẹ orí mọ́ igbá, iná á gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wọ ojú: ihò imú á tóbi, òjìji ìpéǹpéjú á gùn lọ sí iwájú orí. Lẹ́yìn náà kó fi ìka kan ṣoṣo kan omi. Gbogbo ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mira. Ẹ ò nílò ohun mìíràn fún ìwọlé rẹ̀. Tí igbá náà bá wà, gílóòbù pupa tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ràn ò wúlò. Iná pupa á tilẹ̀ pa làálì yẹn rẹ́, torí ohun tó ní àwọ̀ ọsàn kì í yàtọ̀ sí ara lábẹ́ iná pupa. Iná búlúù tàbí funfun ló ń jẹ́ kó dúdú kedere.

Ti èéfín, ẹ gbàgbé rẹ̀. Gbọ̀ngán tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣí kì í ṣe ibi tí à ń jó nǹkan, kẹrosíìnì ńkọ́? Ẹ má sì da fùláwà, èlùbọ́ tàbí kọ́ọ̀nfíláwà sí afẹ́fẹ́ níbi tí àbẹ́là wà. Ìyẹ̀fun tó léfòó máa ń gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, gbàù, kì í dúró kí ẹnikẹ́ni sá. Pawúdà ọmọdé mìíràn, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, ohun kan náà ni. Ẹ gé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú sí bíi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá, ẹ so ó mọ́ igi, ẹ tan fáànù sí i láti ẹ̀yìn.

*

Ṣé mo lè ní inú Àpáta Zuma ni àjẹ́ mi ń gbé?
Bwari

Àpáta náà kò sí nínú Abuja bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rò. Ìpínlẹ̀ Niger ló wà, lọ́nà Kaduna, lẹ́yìn Madalla. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn náírà 100 tí wọ́n gbé jáde ní 1999. Àwọn Gbagyi ló ni ìtàn rẹ̀, wọ́n sì ti fi ṣe ibi ìsádi nígbà ogun. Bí ẹ bá fi aṣebi sínú ibi tí àwọn kan sá sí, ẹ̀ ń wá ìjà. Ẹ yá àpáta náà lò láì yá orúkọ rẹ̀. Ohun tó wúlò níbẹ̀ ni ìlà dúdú tí omi òjò ti fà sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti pé òkúta ńlá tí oòrùn ti pa ní ọ̀sán ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóru. Kí ẹni tó ń sá fún àjẹ́ fẹ̀yìn tì í nínú òkùnkùn, kó rí i pé ó gbóná bí ara èèyàn.

*

Mo mọ ohun tí àjẹ́ mi ń ṣe. Mi ò mọ ìdí tó fi burú. Ṣé dandan ni kó ní ìdí?
Sokoto

Dandan ni, kì í kàn ṣe èyí tí ọ̀tá rẹ̀ máa ń sọ. Ẹ ò jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní 1899, ikọ̀ ọmọ ogun Faransé tí Voulet àti Chanoine ṣáájú ń jó abúlé, wọ́n ń pa èèyàn ní ilẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè Niger lónìí. Ní Lougou, lẹ́bàá Dogondoutchi, wọ́n bá Sarauniya àwọn Azna (Hausa abọ̀rìṣà) pàdé. Oyè ni Sarauniya, ayaba ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ló ń jọba, òun náà ló ń bọ òrìṣà, òkìkí oògùn rẹ̀ sì ti bá ikọ̀ náà lọ́kàn jẹ́ kí wọ́n tó dé. Ó bá wọn jà. Nígbà tí ìbọn wọ́n pọ̀ jù, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọ igbó, ó tún ń bá wọn jà láti ibẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Voulet àti Chanoine fúnra wọn ló pa àwọn ọ̀gá méjèèjì. Bí a bá ní kí àwọn ọ̀gá yẹn kọ ìwé, ta ni ì bá jẹ́ aṣebi inú rẹ̀?

Ìyẹn ni kí ẹ fi dán tiyín wò. Ẹ kọ ojú ewé kan lẹ́nu àjẹ́ náà, kó má pe ara rẹ̀ ní ìkà, kó má rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, kó kàn máa ka gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́: ẹni tó gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ọdún tó gbà á, iye màlúù tó lọ. Ẹ fún ẹni márùn-ún kà láì sọ pé aṣebi ló ń sọ̀rọ̀. Bí mẹ́ta bá gbè é lẹ́yìn títí dé àárín ojú ewé, ó ti ní ìdí. Ibi tí wọ́n bá ti padà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ìtàn yín ti bẹ̀rẹ̀.

*

Kí ni kí n máa pè é? Àjẹ́ ni mo kọ, ọ̀gá mi ní mo ṣì í, pé oṣó ni. Ìyàwó mi, ọmọ Hausa, ní mayya ni.
Jos

Ọ̀gá yín ló ṣì í jù, ọkùnrin la máa ń pè ní oṣó. Àjẹ́ náà kò sì bá ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń kọ mu. Nínú ohun tí Yorùbá gbà gbọ́, inú ara ni agbára àjẹ́ wà. Kò já ewé, kò gún àgúnmu, ẹyẹ ni ó ń rán jáde lóru nígbà tí òun sùn sílé. Ẹni tó ń po nǹkan nínú ìkòkò, tó ń pọfọ̀, tó ń lo igbá, olóògùn nìyẹn. Mayya ti ìyàwó yín sún mọ́ àjẹ́, torí ẹ̀mí èèyàn ni àwọn Hausa ní ó ń jẹ. Boka sì jẹ́ oníṣègùn lásán, ẹ má sọ ọ́ di aṣebi.

Tún ìyẹn mọ́ ọn: àjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi nìkan. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2001, “àwọn ìyá wa” gan-an ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Nítorí náà a fẹ́ràn kí ẹ ṣẹ̀dá orúkọ láti inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ fi A ṣáájú, ẹ fi ohun tó ń ṣe é sí tẹ̀ lé e: Amukànga, Agbóhùn, Ajówèé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá gbọ́ ọ á mọ ohun tó yẹ kó sá fún.

*

Nínú ìtàn mi, opó arúgbó tó ń dá gbé ní ìpẹ̀kun àdúgbò ni àjẹ́. Ẹnì kan ní kò dáa. Ìtàn ṣáá ni o!
Minna

Ìtàn ni, ṣùgbọ́n opó arúgbó tó ń dá gbé wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò yín, ojú pupa ẹ̀ kò ju èéfín àdògán lọ. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ lókò. Òfin Penal Code tó ń ṣiṣẹ́ ní àríwá àti ní Abuja sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn àjẹ́ kan ọmọnìkejì rẹ̀. Òfin náà kò ní kí ẹ má kọ ìtàn. Àwa là ń sọ fún yín pé aṣebi yẹn ti gbó. Ẹni tó lágbára kì í gbé ìpẹ̀kun àdúgbò. Ẹ fún un ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ fi í ṣe ẹni ogójì ọdún tó ń yá gbogbo ìlú lówó, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ní àárọ̀. Kó má sì jẹ́ ẹ̀yà kan pàtó, bóyá Gbagyi, Nupe, Fúlàní tàbí àwa náà. Ayé àfinúrò lẹ pè é, ẹ fún un ní ẹ̀yà tirẹ̀.

*

Báwo ni kí àjẹ́ mi ṣe kú? Mo ti kọ idà, mo ti kọ iná, mo ti kọ àdúrà, gbogbo rẹ̀ ló dàbí èyí tí a ti rí rí.
Kano

Ẹ padà sí owó tó ń san. Ohun tó ń ná láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kó tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Amukànga ti pàdánù ohùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó mu kànga ìkẹrìndínlógún, ohùn tó kù tó mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: tirẹ̀. Ó la ẹnu láti pọfọ̀, kò gbọ́ ara rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ìlà náà jáde tàbí kò jáde, ó tún un pè, ó ṣì í. Ọfọ̀ tí wọ́n bá ṣì pè, orí ẹni tó pè é ló ń padà sí. Akọni yín lè má tíì yọ ohunkóhun nínú àkọ̀.

Kí èyí tó lè dùn, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ojú rẹ̀ han òǹkàwé lẹ́ẹ̀mejì, ó pẹ́ jù kí ìwé tó dé ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́, ní ọ̀nà tí kò ní fura: kó máa kọrin sí ara rẹ̀ níbi tó ti ń di irun, kó sì dákẹ́ lójijì kó fi ọwọ́ kan etí. Idà tuntun tí wọ́n bá rí ní orí tó kẹ́yìn, ẹ jù ú nù.

Tó bá sì ti kú, ẹ fi ẹ̀rí sílẹ̀. Bayajidda, akọni ìtàn Daura yẹn, pa ejò Sarki lóru, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó ní àwọn làwọn pa á pọ̀. Orí ejò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀. Fún tiyín, kí ọmọ kékeré kan gbé igbá náà wá sí ààfin. Kí ọba yí i lọ́wọ́, kó fi àtàǹpàkò wá etí rẹ̀ yí po, kó kan ibi tí eyín ti jẹ ẹ́ wọlé nígbà tí ó ń mu láì mí: ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún.